Bọ́ọ̀lù Méjì Nínú Fìlà Kan

Nọ́ńbà kan wà tí ò jẹ́ kí n gbádùn ara mi láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021: 1,010. Mo máa ń bá a pàdé níbi tí mi ò ti retí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń ro iye omi tí aláìsàn kan ti gbà sára látàárọ̀, mo ro tíì tó mu pọ̀ mọ́ dírípù, ó já sí 1,010, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó lè tẹ nǹkan mìíràn sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston àti agbègbè ẹ̀ ti gbọ́ ìtàn náà, tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri, torí náà mi ò ní fà á gùn. Dickinson là ń gbé, ìlú kékeré kan lórí ọ̀nà I-45, tẹ́ ẹ bá ti Houston ń bọ̀ tẹ́ ẹ sì ń lọ sí Galveston. Èèyàn méjì ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tó ń du ipò méyọ̀, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, Sean Skipworth àti Jennifer Lawrence (kì í ṣe òṣèré fíìmù yẹn o, orúkọ ló jọra). Wọ́n dìbò run-off, ìyẹn ìbò ìparí láàárín àwọn méjèèjì, ní oṣù Kejìlá 2020, wọ́n kà á, ọkùnrin ní 1,010, obìnrin ní 1,010. Wọ́n tún un kà, ọ̀mì náà ni. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 2,020 ìbò, nínú ọdún 2020, nínú ìlú tí èèyàn inú ẹ̀ lé ní 20,000.

Òfin Texas ní tí run-off bá ta ọ̀mì, gègé ni kí wọ́n ṣẹ́. Orúkọ àwọn méjèèjì wà lára bọ́ọ̀lù ping-pong, àwọn bọ́ọ̀lù fífúyẹ́ tí wọ́n ń gbá lórí tábìlì yẹn, wọ́n kó wọn sínú fìlà gíga kan bíi tàwọn òyìnbó ayé àtijọ́, wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n mú ọ̀kan jáde. Skipworth ni. Bó ṣe di méyọ̀ wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa ètò ìjọba.

Gbogbo àwọn tí mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ló rẹ́rìn-ín. Lórí WhatsApp wọ́n ń fi emojì ẹ̀rín ránṣẹ́, ẹnì kan ní kí INEC wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ilé mi wà ní Dickinson, káàdì ìdìbò wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo sì ti ṣèlérí fún ẹnì kan lójúkojú pé màá lọ. Mi ò lọ.

Àárọ̀ tí mo pa iná ọkọ̀

Ìyá kan wà tí ilé wọn dojú kọ tiwa, òyìnbó ni wọ́n, wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún, Mama làwa ń pè wọ́n nínú ilé wa, àwọn náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìbò náà wáyé, wọ́n fi ìbòmú bo ẹnu, wọ́n dúró létí koríko iwájú ilé wa, wọn ò sún mọ́ mi torí kòrónà, wọ́n kàn gbóhùn sókè láti ibẹ̀ pé, "Ìbò méyọ̀ ti sún mọ́lé o, ṣé wàá lọ?" Mo ní, "Màá lọ, Mama." Wọn ò sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí n dìbò fún. Wọ́n mi orí, wọ́n padà sọ́nà ilé wọn.

Ọjọ́ ìdìbò, ṣíftì alẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó bá ń ka èyí mọ bí oṣù Kejìlá 2020 ṣe rí, mi ò ní sọ púpọ̀. Èèyàn méjì la pàdánù lóru yẹn, ọ̀kan nínú wọn ló ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tablet tí mo fọwọ́ ara mi dì mú fún un. Aago méje àárọ̀ ni mo jáde, aago méje náà ni wọ́n ń ṣí ibùdó ìdìbò ní Texas. Mò ń bọ̀ lórí títì FM 517, mo rí àwọn pátákó kéékèèké tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ nínú koríko, orúkọ ọkùnrin, orúkọ obìnrin, orúkọ ọkùnrin, mo sì tan tráfíkétọ̀ apá ọ̀tún kí n lè yà wọ̀. Ọkọ̀ kan wà níwájú mi tóun náà fẹ́ yà, ó lọ́ra. Bí mo ṣe dúró tì í, tí iná yẹn ń ta kó-kó-kó, mo wo dígí, mo rí ojú ara mi, ìlà ìbòmú ti wọ imú mi lọ bí ilà. Mo pa tráfíkétọ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ tààrà sílé.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ọkàn mi ì bá ti fúyẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa bá ẹni tó ti fi wákàtí méjìlá dúró lórí ẹsẹ̀ jà pé ó lọ sùn. Ṣùgbọ́n mo jí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo jí, ara mi ti balẹ̀, wákàtí mẹ́ta ṣì kù kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ pẹ̀lú ọkọ̀. Mo rántí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, pé mo rántí. Mo dúró ní kíṣìnì, mò ń wẹ ìrẹsì, mo sì sọ lọ́kàn mi pé àwọn yòókù á ti lọ, ìlú kékeré ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìbò tèmi ṣe. Mo gbé ìrẹsì kaná.

Nígbà tí wọ́n kéde pé ọ̀mì ni, mo ṣì ń retí pé tí wọ́n bá tún un kà, nǹkan kan á yí padà, pé ìwé kan á ti há síbì kan. Kò sí nǹkan tó há síbì kankan.

Ìbò tó padà di ìbò

Bùrọ̀dá mi tó wà ní Àkúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún. Tíṣà Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn ni wọ́n sì máa ń ká ránṣẹ́, wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí ni. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Àbúrò mi, kí lo rò pé ìbò jẹ́ kí òyìnbó tó dé?"

Mi ò rò ó rí. Ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń sọ pé mo fẹ́ dìbò, wọ́n dìbò, wọ́n jí ìbò, mi ò bi ara mi léèrè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bùrọ̀dá ní nídìí Ifá ni. Ohun kéékèèké ni ìbò, owó ẹyọ, eegun, òkúta, tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ifá. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò á di owó ẹyọ mọ́ ọwọ́ kan, á di eegun mọ́ ọwọ́ kejì, ọ̀kan ń dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, ìkejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ tí Ifá bá mú ni ìdáhùn. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dídi ìbò. Nígbà tí ètò kí á máa fi ìwé yan aṣáájú dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yẹn náà la fi pè é. Ọmọ ìjọ ni mí, mi ò mọ púpọ̀ nípa Ifá, ṣùgbọ́n mo rántí pé inú Bíbélì Yorùbá tiwa náà, nígbà tí àwọn àpọ́sítélì fẹ́ yan ẹni tó máa rọ́pò Júdásì, ìbò ni wọ́n dì, ìbò sì mú Mátíásì. Kò sẹ́ni tó ka nọ́ńbà níbẹ̀.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́. Nínú èdè tèmi, ohun tí 2,020 èèyàn ṣe ní oṣù Kejìlá àti ohun tí ọwọ́ kan ṣe nínú fìlà ní oṣù Kìn-ín-ní, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ìtùnú díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Mo ní áà, bóyá Elédùmarè ló mú un, bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí ni mo ń da ara mi láàmú sí.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bùrọ̀dá. Wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko, wọ́n wá ká ohùn mìíràn ránṣẹ́, kò gùn rárá. Wọ́n ní, "Babaláwo kì í bá èèyàn di ìbò mọ́wọ́ o. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ ló máa dì í mọ́wọ́ ara ẹ̀. Tí kò bá wá, kò sí ọwọ́ tí Ifá máa mú."

Láti ọjọ́ yẹn ni ìtùnú yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò sì wá a mọ́. Mo ti ń rò pé fìlà yẹn dà bí àyànmọ́. Kò jọ ọ́. Ọwọ́ tó ṣófo ló jẹ́ kí fìlà rí iṣẹ́ ṣe, ọwọ́ mi sì wà lára ẹ̀. Èèyàn tó ju 2,020 lọ ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ nínú ìlú yìí, a ò kàn wá di nǹkan kan mọ́wọ́ ni.

Ohun tí bàbá Tọ́lá sọ

Ọkọ mi, bàbá Tọ́lá ọmọ wa, kì í fẹ́ kí n máa fi nǹkan jẹ ara mi níyà, torí náà ó wá gbogbo ọ̀nà tó lè fi gbà mí sílẹ̀. Ó ní tí mo bá lọ ńkọ́, ṣé mo mọ̀ bóyá ẹnì kan wà tóun náà máa lọ fún ẹnì kejì, tí ọ̀mì náà á tún padà jẹ́ ọ̀mì? Ó ní àti pé tí ìlú bá pín sí méjì gẹ́lẹ́ báyẹn, ó túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì ló tẹ́ ìlú lọ́rùn, èyí tó bá wọlé nínú wọn, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kejì yẹn lágbára, mo sì gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Mi ò ní ẹ̀hónú kankan sí ẹni tó wọlé, mo fẹ́ kí èyí yé yín. Òfin ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí àwọn kan fọ́ fèrèsé wọ Capitol, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ní Washington torí wọn ò gbà pé Trump fìdí rẹmi, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n mú bọ́ọ̀lù jáde nínú fìlà níbí, ọ̀rọ̀ sì parí. Mo rí iyì nínú ìyẹn. Tí èèyàn bá lè pàdánù nípasẹ̀ bọ́ọ̀lù ping-pong kí ìlú sì wà ní àlàáfíà, ìlú yẹn ní nǹkan tó dáa nínú.

Ṣùgbọ́n pé ìlú pín sí méjì gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni mi ò ti gbà fún un. Ìlú ò pín sí méjì. Àwọn tó wá ló pín sí méjì. Àwa yòókù ò pín síbì kankan, a wà nílé, à ń wẹ ìrẹsì.

Kì í sì í ṣe ìlú wa nìkan. Ní Virginia, ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́dún 2017, ní Newport News, David Yancey ní 11,608, Shelly Simonds ní 11,608. Wọ́n ká orúkọ wọn sínú agolo fíìmù kámẹ́rà, wọ́n kó o sínú abọ́ amọ̀ kan, wọ́n mú Yancey. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kìn-ín-ní 2018 nìyẹn. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ Republican ní 51 sí 49 nínú ilé ìgbìmọ̀ ọ̀hún, gbogbo ìpínlẹ̀ odindi, láti inú abọ́. Mo máa ń ronú nípa àwọn ará Newport News tó gbélé lọ́jọ́ ìdìbò yẹn, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí 11,608 ò jẹ́ kó sùn. Simonds padà jáde ní 2019, ó sì wọlé, bọ́ọ̀lù tàbí abọ́ ò dá sí i.

Ohun tó jìnnà là ń wò

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe lo ọdún 2020, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Ní oṣù Kẹwàá, ìbò gómìnà Òǹdó, mi ò sùn. Ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún ni, mò ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí èsì ṣe ń wọlé, Akérédolú, Jẹ́gẹ́dẹ́, Àjàyí, mò ń pe Àkúrẹ́, mò ń pe Ọ̀wọ̀, mo ní bíírò àti ìwé lọ́wọ́. Kí ìyẹn tó rọlẹ̀, EndSARS dé, a sunkún lórí fóònù ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù yẹn nígbà tí wọ́n yìnbọn ní Lẹ́kì. Lẹ́yìn náà, Trump àti Biden. Ìyẹn ni ìbò mi àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti di ọmọ ìlú, mo wọ aṣọ tuntun lọ, mo ya fọ́tò. Ní Texas, ọdún yẹn ni òfin tó fagi lé ètò tí èèyàn fi lè tẹ bọ́tìnnì kan kó fi yan gbogbo ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí náà o gbọ́dọ̀ máa mú wọn ní ìkọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Mo mú ààrẹ, mo mú sẹ́nétọ̀, mo mú àwọn kan tí mo mọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ìsàlẹ̀, orúkọ adájọ́ lóríṣiríṣi, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, ó ti sú mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ báyẹn, mo tẹ ìparí.

Ìsàlẹ̀ yẹn wá ni ilé mi wà. Ọdún 2018 la ra ilé wa, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan lẹ́yìn tí Harvey, ìjì líle tó da omi bo agbègbè wa, ti lọ. Ẹ máa rántí fọ́tò kan tó lọ kárí ayé ní oṣù Kẹjọ 2017, àwọn ìyá àgbà tó jókòó sórí àga nínú omi tó dé ìbàdí, nínú ilé ìtọ́jú arúgbó, kí wọ́n tó wá gbé wọn jáde. Dickinson ni wọ́n ti ya fọ́tò yẹn. Àwọn tó ta ilé fún wa tún ògiri inú ilé kùn dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ń kó àlòkù páálí kúrò nínú gáréèjì la rí ìlà omi lára bíríkì, ó lọ gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Mo dúró tì í. Ó dé ìgbáròkó mi. Tọ́lá ṣì kéré nígbà yẹn, ó dé àyà ẹ̀.

Tí òjò bá rọ̀ báyìí, kì í ṣe ààrẹ ló máa sọ bóyá gọ́tà àdúgbò wa á gba omi. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ gómìnà Òǹdó ni mo ti máa gba ìwé àṣẹ tí mo bá fẹ́ gbé ilẹ̀ ilé mi sókè. Méyọ̀ àti àwọn kánsílọ̀ ni, àwọn tí wọ́n ń jókòó nínú gbọ̀ngàn kan tí mo ti ń kọjá níwájú ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta láì wọ̀ ọ́ rí.

Nǹkan kan sì tún wà tó wúwo jù ìyẹn lọ. Tọ́lá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ní oṣù Kẹfà 2020, ọjọ́ tí wọ́n sin George Floyd, ọkùnrin tí ọlọ́pàá pa, ọmọ àdúgbò Third Ward ní Houston níbí, Pearland ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ ò jìnnà sí wa, èmi àti ọmọ yìí jọ wo ìsìnkú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo sunkún débi pé orí ń fọ́ mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí Facebook. Bẹ́ẹ̀ ìlú wa ní ọlọ́pàá tiẹ̀. Ọlọ́pàá tó máa dá ọmọ mi dúró lórí FM 517 lálẹ́ ọjọ́ kan, owó oṣù ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ pé kó ṣe, inú gbọ̀ngàn yẹn náà ni wọ́n ti ń jíròrò ẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú yẹn ni wọ́n ní kí n wá bá wọn yan olórí gbọ̀ngàn náà, mo pa tráfíkétọ̀.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí a wà nínú ọjà yìí pọ̀ o. Nínú ìjọ wa ní Houston, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ní ibi ìnáwó, a lè dárúkọ gbogbo gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà nílẹ̀ Yorùbá láì mí, a lè sọ ẹni tó fẹ́ du ààrẹ ní Nàìjíríà. Mo gbìyànjú ẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, mo bi èèyàn mẹ́jọ pé ta ni méyọ̀ ìlú tí wọ́n ń gbé, kì í ṣe Houston fúnra ẹ̀ o, àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, torí pé ọkùnrin náà ló ta mọ́tò fún un. Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ọkàn èèyàn máa ń wà níbi tí ìwọ́ ẹ̀ wà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ò gbé ibi tí ìwọ́ tiwa wà, níbí ni wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀.

Òtútù

Ó wá di oṣù Kejì, òtútù tí Texas ò rí irú ẹ̀ láti ọdún púpọ̀ dé, iná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin káàkiri ìpínlẹ̀. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí iná, ohun tí a ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí iná nínú yìnyín. Oríire wa ni pé gáàsì ni sítóòfù wa. Mama ò ní gáàsì, iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá Tọ́lá sọdá lọ mú wọn wá, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wa méjì bò wọ́n léjìká, a ní kòrónà tàbí kò sí kòrónà, wọn ò ní kú sínú òtútù lójú wa.

Mo po ògì fún wọn. Wọ́n ní ó jọ grits, oúnjẹ àgbàdo tiwọn, ṣùgbọ́n ó kan díẹ̀, wọ́n sì bu kún un. A jókòó ní kíṣìnì, èmi àwọn, fèrèsé ṣí díẹ̀, gbogbo wa wọ jákẹ́ẹ̀tì àti ìbòmú tí a ń fà sísàlẹ̀ fún ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo sọ fún wọn. Mo ní Mama, mo ṣèlérí fún yín pé màá lọ dìbò yẹn, mi ò lọ. Mo sọ ti ṣíftì, mo sọ ti tráfíkétọ̀, mo sì sọ ti aago mẹ́rin àti ìrẹsì náà, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n dárí ohun tí mi ò sọ jì mí.

Wọn ò yára dáhùn. Wọ́n ń fi ṣíbí ro ògì yípo, wọ́n wá ní, "Ọdún mọ́kànlélógójì ni èmi àti ọkọ mi fi fẹ́ra, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la fi dìbò fún ẹnì kan náà."

Oṣù Kẹwàá ni ọkọ wọn kú, a mọ̀, a lọ kí wọn láti ìta. Ohun tí a ò mọ̀ ni èyí tí wọ́n wá ń sọ. Wọ́n ní gbogbo ìbò, ńlá ni o, kékeré ni o, àwọn méjèèjì jọ máa ń wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ ni, wọ́n á dúró sórí ìlà pa pọ̀, wọ́n á wọlé, oníkálukú á sì lọ pa ìbò ẹnì kejì ẹ̀ rẹ́. Wọ́n á wá lọ jẹun àárọ̀. Àwọn ọmọ wọn máa ń ní ẹ kúkú jókòó sílé, ẹ fi epo ọkọ̀ pamọ́, ohun kan náà ló máa já sí. Wọ́n ní ọkọ wọn ò gbà rí. Ní oṣù Kejìlá, àwọn nìkan ló lọ. Wọ́n dìbò tán, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa lọ jẹun sí.

Wọ́n ní, "Mo mọ ẹni tí ì bá dìbò fún. Ì bá ti jẹ́ 1,011."

Mi ò béèrè ta ni. Wọn ò sì sọ. Tọ́lá wọlé wá béèrè bóyá ògì ṣì kù, mo bu èyí tó kù fún un, ó dúró ti sítóòfù mu ún.

Ọjọ́ tí iná padà dé, mo sin wọ́n sọdá títì, yìnyín ti ń yọ́, mo di apá wọn mú kí wọ́n má baà yọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tọ́ka sí ọkọ̀ wọn tó wà nínú ọgbà, Buick àtijọ́ kan, wọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń dìbò ìlú, kí n wá kan ilẹ̀kùn àwọn láàárọ̀, àyè ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ti ṣófo. Mo ní màá wá, Mama.

Wọ́n ní, "O lè dìbò lòdì sí mi o. Ó ti mọ́ mi lára."